Bí A Ṣe Ń Yan Kábúrétọ̀ Tí Yóò Bá Honda CB750 Onísílíńdà Mẹ́rin Mu

Ohun kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó ní Honda CB750 àtijọ́, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣe láti 1969 títí di 1978. Alùpùpù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, sílò rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí nígbà tí a kò fa tọ́tù, kò ní dúró lójú kan, yóò sì máa mu epo bí ẹni pé táǹkì rẹ̀ ti jò. Ẹni tí ó ni ín yóò wá kó owó jọ, yóò ra kábúrétọ̀ tuntun mẹ́rin, yóò dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnì, alùpùpù náà yóò sì burú ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí. Mo ra mẹ́rin tí ẹnu wọn fẹ̀ tó mìlímítà 34 fún CB750 tòkunbọ̀ tí mo ní, nítorí pé ẹni tí ó tà wọ́n fún mi sọ pé bí ẹnu bá ṣe tóbi tó ni agbára ṣe ń pọ̀ tó. Ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ohun gidi kan tí ẹ́ńjìnì náà ń ṣe tí kò bá tíì yí dé 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí mo bá sì fa tọ́tù, ọwọ́ tí a ń yí kí alùpùpù lè sáré, lójijì, ńṣe ni ó ń pọ́fọ̀ọ́ bí ẹni tí egungun há sí lọ́fun. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, idẹ kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, kí n tó gbà pé jẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ṣẹ̀: kábúrétọ̀ náà ni kò yẹ ẹ́ńjìnì yẹn.

Ìlànà tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀lé kí owó tó kúrò lápò yín. Ẹ má ṣe fo ìpele kankan, pàápàá àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti rí i pé àwọn kò tilẹ̀ nílò kábúrétọ̀ tuntun rárá.

Ohun tí ẹ óò nílò

- Géèjì tí a fi ń wọn ìfúnpá inú sílíńdà, àti géèjì pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo kékeré orí fáàfù.
- Kálípà tí ó lè wọn nǹkan dé ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan.
- Géèjì afẹ́fẹ́ mẹ́rin tí a so pọ̀, èyí tí a fi ń mú kí kábúrétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa afẹ́fẹ́ dọ́gba. Tí ẹ kò bá ní i, ẹ yá a. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé fi etí gbọ́ nìkan.
- Sukurudíráfà tí a ṣe fún ìdè Japan. Ìdè orí kábúrétọ̀ wọ̀nyí máa ń ní àmì tótó kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ àgbélébùú rẹ̀. Sukurudíráfà onígun mẹ́rin tí a ń rà lọ́jà lásán yóò họ ojú rẹ̀ dànù.
- Púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin, rọ́bà epo tuntun, fáànù ńlá kan, àti igò tí a fi ń fín omi.
- Ìwé kékeré àti bírò. Ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá yí padà sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kábúrétọ̀ jẹ̀bi

Ẹ ta ẹ́ńjìnì kí ó gbóná díẹ̀, ẹ pa á, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì wọn ìfúnpá sílíńdà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tọ́tù tí ẹ ṣí tán. Tí ẹ kò bá ṣí tọ́tù, géèjì yóò purọ́ fún yín, ẹ óò sì rò pé ẹ́ńjìnì ti gbó. Ohun tí ẹ ń wá ni kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ ara wọn. Tí ọ̀kan bá fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá kéré sí àwọn yòókù, fáàfù tàbí rìǹgì ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Kò sí kábúrétọ̀ tí yóò wo àìsàn yẹn sàn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù pátápátá, ó dára jù kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ ṣètò tápẹ́ẹ̀tì: mìlímítà 0.05 fún fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń bá wọlé, mìlímítà 0.08 fún èyí tí èéfín ń bá jáde. Ọ̀pọ̀ sílò tí kò dúró ni ó ti parí síbí.

Iná ló kàn. Lórí CB750 yìí, kọ́ìlì kan ló ń fún sílíńdà 1 àti 4 níná, èkejì sì ń fún 2 àti 3. A máa ń ka sílíńdà láti ọwọ́ òsì ẹni tí ó jókòó sórí alùpùpù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé 1 àti 4 ni wọ́n jọ ń ṣe ségesège, tí àárín méjèèjì sì dára, ẹ fi kábúrétọ̀ sílẹ̀, ẹ wo kọ́ìlì àti póìǹtì tí ń mú kọ́ìlì tan iná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 3 nìkan ni ó ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ní ìdí láti fura sí kábúrétọ̀.

Paríparí rẹ̀, ẹ wo rọ́bà mẹ́rin tí ó wà láàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì. Bí ọjọ́ bá ti pẹ́, wọn a máa le gan-gan bí igi, wọn a sì sán. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní sílò, ẹ fín omi díẹ̀díẹ̀ yí rọ́bà kọ̀ọ̀kan ká. Bí ohùn ẹ́ńjìnì bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbi tí kò yẹ. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníìkì kan a máa fi bẹntiróòlù tàbí omi tí a fi ń fọ kábúrétọ̀ ṣe é. Ẹ má ṣe é: sàlẹ́ńsà gbígbóná mẹ́rin wà níwájú ẹ́ńjìnì náà gan-an.

Àyẹ̀wò: ìfúnpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra, tápẹ́ẹ̀tì pé, iná ń jáde dáadáa ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, omi kò sì yí ohùn ẹ́ńjìnì padà. Tí àìsàn náà bá ṣì wà lẹ́yìn èyí, ẹ máa bá mi lọ.

Ìpele 2: Ẹ dá ẹjọ́ kábúrétọ̀ àtijọ́ kí ẹ tó lé e jáde

Kábúrétọ̀ ilé-iṣẹ́ Keihin tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 28 ni Honda fi sórí alùpùpù yìí, ṣùgbọ́n oríṣi kan ṣoṣo kọ́. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé 1976 ní orí roboto. Ti 1977 àti 1978 ní ẹ̀rọ kékeré kan tí ń tú epo sí i nígbà tí a bá fa tọ́tù lójijì. Ẹ má ṣe kó ẹ̀yà ara ti ọ̀kan mọ́ ti èkejì. Gíga fulóòtù wọn, ohun tí ń léfòó lórí epo inú àwo tí ó sì ń dá epo dúró, pàápàá yàtọ̀: mìlímítà 26 fún olóríi roboto, mìlímítà 14.5 fún ti 1977 àti 1978. Mo ti rí i tí ẹnìkan ṣètò ti 1977 sí 26, tí ó sì ń bú kábúrétọ̀ pé kò ní epo.

Ẹ tú àwo epo ìsàlẹ̀ kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwo yẹn, páìpù idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró ṣánṣán, òun ni ó ń da epo tí ó bá pọ̀ jù síta. Páìpù yìí a máa sán ní gígùn, ìsánni tí irun orí fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ jù ú lọ, epo yóò sì máa kán sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́rẹ́ tí ń dí epo ṣì dára. Ẹ gbé àwo náà sórí pépà funfun, ẹ da epo sí i kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí páìpù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Bí pépà bá tutù, ẹ ti mú olè náà. A lè fi òjé jó o, a sì lè wá àwo mìíràn. Kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ ra kábúrétọ̀ mẹ́rin.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ohun èlò àtúnṣe olówó pọ́ọ́kú. Ẹ lo rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì inú wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ju jẹ́ẹ̀tì idẹ tí Keihin fúnra rẹ̀ ṣe nù láti fi tiwọn rọ́pò, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára tiwọn kì í sábà bá ihò rẹ̀ dọ́gba. Tí ẹ bá wà ní Brítéènì, ẹ tún mọ̀ pé láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni bẹntiróòlù gbogbogbòò ibẹ̀ ti di E10, èyí tí ọtí inú rẹ̀ lè dé ìdá mẹ́wàá, ọtí yìí sì máa ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́. Rọ́bà tí a ṣe láti gbà á ni kí ẹ béèrè.

Ìgbà wo wá ni ó tọ́ láti ra tuntun? Nígbà tí ara kábúrétọ̀ bá ti sán, tí ihò tí sìláìdì, irin tí ń ṣí ẹnu kábúrétọ̀ tí ó sì ń tì í, ń gbà lọ sókè sódò bá ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí sìláìdì ń mì pẹkẹpẹkẹ nínú rẹ̀, tí ìpẹtà funfun bá ti jẹ ihò tóóró tí a kò lè dé, tàbí tí ẹ ti mú ẹ́ńjìnì náà tóbi sí i. Yàtọ̀ sí wọ̀nyí, ẹni tí ó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, tí àpótí afẹ́fẹ́ àti sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, kò ní rí èyí tí ó dára ju Keihin 28 tí a tún ṣe dáadáa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó ti fojú sí kábúrétọ̀ dídán fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ìpele 3: Ẹ ṣírò bí ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ kí ó fẹ̀ tó

Ẹ mú ìwọ̀n sílíńdà kan ní lítà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye ìyípo tí ẹ́ńjìnì fi ń ní agbára jù lọ, ẹ wá gbòǹgbò onílọ́ọ̀po méjì rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tí ó wà láàárín 0.65 sí 0.9 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni fífẹ̀ ẹnu kábúrétọ̀ ní mìlímítà. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wà fún ẹni tí ó fẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa fà láti ìsàlẹ̀, ti òkè wà fún ẹni tí ń sáré ìje.

CB750 jẹ́ 736cc, sílíńdà kan sì jẹ́ lítà 0.184. Agbára rẹ̀ pọ̀ jù ní ìyípo 8,000. 0.184 lọ́nà 8,000 jẹ́ 1,472, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 38.4. Tí a bá fi 0.73 sọ ọ́ di púpọ̀, 28 ni a ó rí, gẹ́lẹ́ bí Honda ti ṣe é. Tí a bá fi 0.9, a ó rí 34.5. Ẹ rí i pé ìpẹ̀kun tí àwọn sárésáré ń dé ni 34 tí mo rà bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì tí Honda ṣe fún ìrìn ojoojúmọ́ ni mo gbé e lé.

Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé láti 28 dé 34 kò jọ ohun tí ó pọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n ojú ihò ni afẹ́fẹ́ ń gbà, ojú ihò 34 sì fi nǹkan bí ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti 28 lọ. Afẹ́fẹ́ yóò wá máa rọra rìn nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì kò bá yí kíkan, kò sì ní lágbára láti fa epo sókè láti inú jẹ́ẹ̀tì. Ti 29 fi ìdá 7 péré nínú ọgọ́rùn-ún tóbi jù, ti 31 sì fi ìdá 23.

Fún ẹ́ńjìnì tí a kò fọwọ́ kàn, ẹ dúró sí 28 tàbí 29. Fún èyí tí a ti fi pístìnnì onímìlímítà 65 sọ di 836cc, 29 sí 32 ni ó tọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ti kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ nínú ìwé yín, ẹ sì ti pinnu pé ẹni tí ń ta ọjà kò ní yí i padà fún yín.

Ìpele 4: Ẹ wọn ibi tí yóò jókòó sí

Ẹ fi kálípà wọn nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àárín ẹnu kan sí àárín ẹnu èkejì lórí ẹ́ńjìnì, láti 1 sí 2, 2 sí 3, àti 3 sí 4. Ẹ má rò pé àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má rò pé kábúrétọ̀ tí a tú lára alùpùpù onísílíńdà mẹ́rin mìíràn yóò ní irú àlàfo kan náà. Èkejì ni fífẹ̀ ẹ̀yìn kábúrétọ̀ tí ń wọ inú rọ́bà ẹ́ńjìnì. Ẹ̀kẹta ni ti iwájú rẹ̀ tí ń wọ inú rọ́bà àpótí afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ohun tí kálípà kò lè sọ. Ṣé kébù méjì ni ó ń lò, ọ̀kan tí ń ṣí i àti ọ̀kan tí ń tì í, tàbí ẹyọ kan? Ṣé ẹnu rọ́bà epo kò ní kan táǹkì? Ṣé ó tilẹ̀ ní ṣóòkù, ohun tí a ń fà kí ẹ́ńjìnì tí ó tutù lè tètè ta? Ṣé orí rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀ tí yóò kan férémù?

Ìkìlọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù níhìn-ín ni ti ìdúró. Ẹ́ńjìnì CB750 ń fẹ́ kábúrétọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ pọ́wà báìkì ọdún 1990 sókè ni a ṣe láti máa dojú kọ ìsàlẹ̀. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, fulóòtù rẹ̀ yóò dùbúlẹ̀, epo yóò sì máa ya lẹ́nu rẹ̀. Olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n, wọ́n sì rẹwà, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń rà wọ́n.

Ìpele 5: Ẹ yan oríṣi

Keihin CR 29 ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ le, tí ó fẹ́ràn ohùn afẹ́fẹ́, tí kò sì kọ̀ láti máa tún un ṣe. Ẹnu rẹ̀ dán gbọọrọ, ó sì yá bí èèyàn bá fà á. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tí ń tú epo sí i, nítorí náà ẹni tí ó bá máa ń ja tọ́tù ní sílò yóò máa gbọ́ kí ó húkọ́. Mikuni VM 29 sún mọ́ ọn níṣẹ́, jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wọ́pọ̀ lágbàáyé. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan tó láti yàn án fún ẹni tí ó jìnnà sí ilé-ìtajà. Mikuni TMR 32 olójú pẹlẹbẹ ń tú epo sí i bí a bá fà á lójijì, ó sì dára gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ẹ́ńjìnì 836cc sì ni mo rò pé ó yẹ.

Oríṣi kẹrin ni èyí tí kì í ṣe kébù ló ń gbé sìláìdì rẹ̀ sókè bí kò ṣe fífà tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́, pẹ̀lú awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í sì í fi epo ṣòfò. Àmọ́ wọn kò fẹ́ràn fíítà kéékèèké tí a ń dè mọ́ ẹnu kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú fíítà bẹ́ẹ̀ lè bo àwọn ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká, sìláìdì yóò sì máa gbọ̀n. Tí ẹ bá ti ju àpótí afẹ́fẹ́ yín nù, ẹ má ṣe yan oríṣi yìí.

Àyẹ̀wò: kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ẹni tí yóò ta jẹ́ẹ̀tì, abẹ́rẹ́ àti gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún yín. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí ó dán tó. Mẹ́rin tí ó jẹ́ ayédèrú a máa wá láìsí orúkọ tàbí nọ́ńbà lára jẹ́ẹ̀tì. Ẹ tú àwo epo ọ̀kan lójú ẹni tí ń tà á, kí ẹ sì wò ó.

Ìpele 6: Jẹ́ẹ̀tì

Ẹ má ṣe mú nọ́ńbà Keihin lọ ra ti Mikuni. Lára jẹ́ẹ̀tì ńlá Keihin, nọ́ńbà ń sọ fífẹ̀ ihò: 120 jẹ́ mìlímítà 1.20. Jẹ́ẹ̀tì ńlá Mikuni onígun mẹ́fà ń sọ iye epo tí ń gba inú rẹ̀ kọjá. 120 ti ọ̀kan kì í ṣe 120 ti èkejì, ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì ni ó sì ti kú sórí àṣìṣe yìí.

Ẹ ra jẹ́ẹ̀tì ńlá ní ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó tẹ̀lé ara wọn, mẹ́rin mẹ́rin, àti jẹ́ẹ̀tì sílò ní ìwọ̀n méjì. Èyí tí ó tóbi ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Epo tí ó pọ̀ jù yóò ba púlọ́ọ̀gì jẹ́. Epo tí ó kéré jù yóò jó pístìnnì. Ẹni tí ó tún un ṣe ní Èkó tí ó sì gbé e lọ sí Jos, tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, yóò rí i pé epo pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ jù.

Ìpele 7: Dídè é àti mímú un dọ́gba

Kí ẹ tó gbé e sórí ẹ́ńjìnì, ẹ fi irin kan náà, bí irin ìlu tí ó jẹ́ mìlímítà 3, wọ abẹ́ sìláìdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣètò wọn títí irin náà yóò fi máa há díẹ̀ lọ́nà kan náà. Ẹ dè é, ẹ so kébù, kí ẹ sì yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún àti sósì títí dé òpin pẹ̀lú ẹ́ńjìnì tí ó wà ní sílò. Bí ohùn bá ga nígbà tí ẹ bá yí i, kébù kúrú. Ẹ má gùn ún bẹ́ẹ̀, nítorí yóò fa ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yà.

Géèjì afẹ́fẹ́ ló kàn. Ẹ gbé fáànù síwájú ẹ́ńjìnì, nítorí afẹ́fẹ́ ìrìn ló ń tù ú lára, yóò sì gbóná kọjá ààlà bí ó bá dúró sójú kan. Ẹ fi sílò sí nǹkan bíi ìyípo 900 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì mú kí géèjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra.

Ní ti ìdè kékeré tí a fi ń tún sílò ṣe, ẹ wo ibi tí ó wà. Tí ó bá wà ní ìhà fíítà, afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣàkóso: bí ẹ bá tú u síta, epo yóò dín kù. Tí ó bá wà ní ìhà ẹ́ńjìnì, epo ni: bí ẹ bá tú u síta, epo yóò pọ̀ sí i. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí a máa fi gbogbo ọ̀sán lé sílò kiri.

Àyẹ̀wò: ẹ fa tọ́tù lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sí sílò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá dúró sókè kí ó tó rọra sọ̀ kalẹ̀, epo kéré tàbí afẹ́fẹ́ ń jò. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀ sílò kí ó tó padà gòkè, epo pọ̀ jù.

Ìpele 8: Ojú ọ̀nà

Ẹ lẹ teepu funfun mọ́ ọwọ́ tọ́tù, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Láti sílò títí dé ìdá kan nínú mẹ́jọ, jẹ́ẹ̀tì sílò ló ń ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ojú tí a gé lábẹ́ sìláìdì ni. Láti ìdá kan dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ tí ó so mọ́ sìláìdì ni. Ohun tí ó kù jẹ́ ti jẹ́ẹ̀tì ńlá. Ẹ ṣètò jẹ́ẹ̀tì ńlá ṣáájú, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi sílò parí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọ̀nà tí ó dá, tí kò sí ọkọ̀, ẹ ṣí tọ́tù tán ní gíà kẹta fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ rọra yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì tú púlọ́ọ̀gì. Bí seramíìkì rẹ̀ bá dúdú bí èédú, ẹ sọ jẹ́ẹ̀tì ńlá kalẹ̀ ní ìwọ̀n kan. Bí ó bá funfun bí ẹfun, ẹ gbé e ga lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì gùn ún lọ sílé kíkankíkan. Àwọ̀ igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí ó pọ́n díẹ̀, ni ẹ ń wá, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jọra.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn ni ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnì ti tutù pátápátá. Ẹ fa ṣóòkù, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Kí ẹ tó dé òpin àdúgbò, ó yẹ kí ẹ ti lè ti ṣóòkù padà, kí sílò sì dúró ní 900 láìjẹ́ pé ọwọ́ yín wà lórí tọ́tù.